Ìlù Tó Pe Akọni Lórúkọ

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba tí a ṣe ní Ìkòyí, Èkó)

Àwo orin fíìmù ni àkójọ orin tí wọ́n ṣe fún fíìmù kan, n kò ní pẹ́ lórí ìyẹn. Akọni ni ẹni tí agbára rẹ̀ ju ti ènìyàn lásán lọ. A ti ń ki Ṣàngó kí wọ́n tó bí ẹni tó kọ́kọ́ ya ìwé akọni ní Amẹ́ríkà.

Oṣù kejì ọdún 2018 ni Black Panther, fíìmù akọni kan, jáde. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú rẹ̀ ni àwo orin 14 tí Kendrick Lamar, olórin ráàpù Amẹ́ríkà, ṣe kòkáárí rẹ̀ ti dé ìgboro. Ọ̀rẹ́ mi kan, olùkọ́ bíi tèmi, kò tíì yé bá mi jà lórí àwo yìí. Ó ní ìpolówó ọjà lásán ni, torí pé púpọ̀ nínú orin rẹ̀ kò dún nínú fíìmù. Èmi kò gbà: orin tí kò dún nínú fíìmù náà lè ki akọni. Ta ló ní ojú ogun nìkan la ti ń ki jagunjagun? Ojúde ńkọ́? Ẹnu ìyàwó ilé ńkọ́?

Ìlù gan-an ni mo tìtorí rẹ̀ wá. Ludwig Göransson, ọmọ Sweden tó ṣe orin abẹ́ fíìmù náà, lọ sí Senegal, ó bá Baaba Maal, olórin ibẹ̀, rìn, ó sì bá Massamba Diop, onílù tama, ṣiṣẹ́. Ìbátan gángan wa ni tama: abẹ́ apá là ń há a sí, à ń fún ọsán tó yí i ká, à ń fi kọ̀ǹgọ́ lù ú. Òun ni Göransson fi pe orúkọ T'Challa, akọni fíìmù náà, ọba Wakanda, orílẹ̀-èdè àròsọ.

Àwọn kan ní irọ́ ni, ìlù náà kò pe nǹkan kan, torí pé èdè Wolof kò ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ bíi tiwa. Òótọ́ wà níbẹ̀. Bí ẹ bá ní kí onígángan pe T'Challa, yóò kọ́kọ́ bi yín pé ohùn wo ló wà lórí rẹ̀. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀: ìlù mọ ìyàtọ̀ wọn ju ẹ̀yin ọdọ́ tí ẹ ń kọ Yorùbá láìfi àmì sí i lọ.

Àmọ́ ẹ gbọ́. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó tí wọ́n ti tọ́ mi, bàbá mi àgbà sùn lọ́jọ́ ìnáwó kan. Onígángan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó lu ìlà oríkì kan péré. Kò sẹ́ni tó lọ jí Bàbá. Bàbá fúnra wọn jáde, bàtà ní ẹsẹ̀ kan, fìlà lọ́wọ́ ọ̀tún, owó lọ́wọ́ òsì. Nígbà tí tama dún ní sinimá ní 2018, orí mi wú, mo mọ̀ pé wọ́n ń pe ẹnì kan.

Ohun tó ká mi lára ni pé Igbó Sambisa wa wà nínú fíìmù náà, pẹ̀lú àwọn obìnrin tí wọ́n jí gbé. Nínú àwo, Sjava àti Babes Wodumo ti South Africa wà níbẹ̀. Ohùn tiwa ọmọ Nàìjíríà kò sí.



Àmọ́ fún Wakanda Forever, fíìmù Black Panther kejì tó jáde ní 2022, Göransson wá gba orin sílẹ̀ ní Èkó níbí. Àwọn olórin wa, Burna Boy, Fireboy DML, Rema àti CKay, wà nínú àwo orin fíìmù náà. Tems, tó dàgbà ní Èkó yìí, wà lára àwọn tó ṣẹ̀dá "Lift Me Up" tí Rihanna kọ ní ìrántí Chadwick Boseman, òṣèré T'Challa, tó kú ní 2020. Ọdẹ kì í lọ kí ẹgbẹ́ rẹ̀ má sun ìrèmọ̀jé fún un. Ìrèmọ̀jé ni orin yẹn, ọmọ wa sì wà lára àwọn tó sun ún.