Ìwé Ṣíà Inú Àpótí

[Ohùn ẹ̀rọ ìránṣọ]

Yoruba Road la wà yìí, ní Sabon Gari, Kano. Ẹ̀rọ tí ẹ ń gbọ́ yẹn, ti Bàbá kan ni, ọmọ Ọ̀fà, tí wọ́n ti lò ju ogójì ọdún lọ nílùú yìí. Ọ̀rọ̀ ṣíà ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ wọn.

Nígbà tí ṣíà àwọn iléeṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ dojú dé ní Amẹ́ríkà, tí òṣùwọ̀n wọn, Nasdaq, já láti orí 5,000 lóṣù Kẹta ọdún 2000 sí nǹkan bí 1,100 ní 2002, ìròyìn òkèèrè ni létí wa. Ọdún 2008 ló kàn wá gan-an. Lóṣù Kẹta ọdún náà, òṣùwọ̀n ọjà ṣíà Èkó kọjá 66,000. Nígbà tó fi di ìparí oṣù Kẹta ọdún 2009, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 20,000. Àwọn òyìnbó kó owó wọn lọ, àwọn tó yáwó ra ṣíà há. Ìyókù di ti àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé.

Bàbá dá ẹ̀rọ dúró. Wọ́n gbé àpótí páànù kan jáde. Lábẹ́ aṣọ òkè ìyàwó wọn, nínú ọ̀rá, ìwé ṣíà márùn-ún ló wà níbẹ̀. Ikán ti jẹ etí ọ̀kan. Owó tí wọn ì bá fi kọ́lé sí Ọ̀fà ni.

Mo ní, "Bàbá, ẹ ò wá tà á?"

Wọ́n ní, "Ta ni mo fẹ́ tà á fún? Gbogbo ayé ló ń tà. Mi ò sọ fún ìyá àwọn ọmọ. Mò ń rẹ́rìn-ín lọ́sàn-án, mi ò rí oorun sùn lóru."

Ọdún mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi gbé e mọ́ra! Ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Ẹni tí olè jà á ké gbàjarè. Ẹni tí ṣíà gbé ṣubú á gbé ìwé pamọ́ bí ẹni pé ó jẹ̀bi.

Àwọn ọmọ wa ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Nígbà tí bitcoin tó ti kọjá 60,000 dọ́là ní 2021 wá sábẹ́ 17,000 ní ìparí 2022, ọmọ á da fóònù dé sórí bẹ́ẹ̀dì, á ní orí ń fọ́ òun. Ẹ̀yin òbí, ẹ fọwọ́ wọ́nú bi í léèrè.

Wọ́n ti ń nawọ́ sí mi pé àkókò ti tán. Kí n yáa sọ èyí: bí iléeṣẹ́ tí ẹ ra ṣíà rẹ̀ bá ṣì wà, ìwé yẹn ò tíì kú. Èrè ọdọọdún lè máa dúró dè yín. Bí ẹni tó rà á bá ti kú, ọmọ lè tọ ọ̀nà òfin gbà á. Ẹ gbé e lọ bá rẹ́jísítírà iléeṣẹ́ náà, ìyẹn àwọn tó ń tọ́jú orúkọ àwọn tó ni ṣíà, ẹ gba fọ́ọ̀mù e-dividend, tí èrè yín á fi máa wọ báǹkì tààrà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú àpótí yín lónìí.