Ọmọ Tí Kò Tíì Sọ̀rọ̀: Ibi Tó Yẹ Kí Owó Wa Lọ

  Ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí àwọn ọmọ tí kò sọ̀rọ̀ àti àwọn tí kò lè jókòó sójú kan, nítorí ó ti di ìyá mẹ́rin tó yá owó nínú àpò ẹgbẹ́ tìtorí irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mò ń kọ ọ́ sínú ìwé, mo mọ ibi tí owó náà ń lọ: àgbo, òróró, ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ méje, àti ẹni tó ní òun á gé iṣan abẹ́ ahọ́n ọmọ. Nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sí ọmọ kan tó tíì dé iwájú dókítà tó mọ̀ nípa rẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń pè ní ọ́tísíìmù kì í ṣe àbíkú, kì í ṣe emèrè, kì í sì í ṣe ọwọ́ orogún. Leo Kanner, dókítà kan ní Amẹ́ríkà, ti kọ̀wé nípa rẹ̀ láti 1943. Bí ọpọlọ ọmọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ ló yàtọ̀. Ọmọ ọdún kan àbọ̀ tí ẹ pe orúkọ rẹ̀ tí kò wojú yín, tí kò fi ìka han yín ní ohun tó fẹ́, tó ń yí ìdérí ìkòkò láti àárọ̀ dalẹ́, tàbí tó ti ń pe "màmá" tẹ́lẹ̀ tó wá dákẹ́, ẹ má dúró pé á sọ̀rọ̀ tó bá yá. Àwọn kan á ní torí pé à ń sọ Ègùn, Yorùbá àti òyìnbó pọ̀ nílé ni. Irọ́ ni o. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo Àgbádárìgì ni ì bá ti yadi.

Èyí tí wọ́n ń pè ní ADHD yàtọ̀. Ọmọ yẹn lè máa sọ̀rọ̀ dáadáa, ara rẹ̀ ni kò balẹ̀, ọkàn rẹ̀ kì í dúró. Ó gbọ́dọ̀ hàn nílé, kó hàn níléèwé, kì í ṣe lẹ́nu tíṣà kan ṣoṣo tí ọmọ ti pọ̀ jù fún ní kíláàsì.

Ẹ jẹ́ ká ti orí etí bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí kò gbọ́ràn kò lè sọ̀rọ̀, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ dókítà ní Jẹ́nẹ́rà wa níbí. LASUTH wà ní Ìkẹjà, LUTH wà ní Ìdí-Àràbà. Ọsibítù ìjọba àpapọ̀ ti Yábàá náà ní ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọdé, Òṣòdì ló sì wà. Mo rí i pé ẹ̀ ń wo ara yín. Yábàá kì í ṣe ti wèrè nìkan, ẹ̀yin ìyá mi, ọmọ yín ò sì ní di wèrè torí pé ó wọ ibẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ ti aládàáni kó lè yá, ó wà. Patrick Speech and Languages Centre wà ní Ìkẹjà, Arábìnrin Dọ̀tun Àkàndé ló dá a sílẹ̀ ní 2006. Òun fúnra rẹ̀ bí ọmọ tó ní ọ́tísíìmù. Ṣùgbọ́n ibi yòówù kí ẹ lọ, ẹ ṣe bí ẹni tó fẹ́ ra ọjà. Ẹ kọ́kọ́ béèrè: ta ló máa yẹ ọmọ wò, iṣẹ́ kí ló kọ́? Ẹ̀ẹ̀melòó la máa wá? Ṣé owó kan ṣoṣo ni àbí ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan tá a bá wá? Ṣé ìwé àbájáde wà nínú owó náà? Ìwé yẹn ṣe pàtàkì jù, òun lẹ máa mú lọ síléèwé àti sọ́dọ̀ ẹni tó máa kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ sísọ. Ẹ gba rìsíìtì. Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tàbí fọ́tò orí tó ń sọ pé ọmọ ní ọ́tísíìmù. Wọ́n á bi ìyá ní ìbéèrè gígùn, nípa oyún, ìgbà tó rìn, ìgbà tó jókòó, wọ́n á sì wo ọmọ bó ṣe ń ṣeré. Ẹni tó bá ní òun ní oògùn tó máa wò ó sàn pátápátá, ẹ dìde níbẹ̀. ADHD ní oògùn tó ń ràn án lọ́wọ́, dókítà ló máa kọ ọ́.

Ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára dání, àti ìwé tíṣà. Ẹ fi fóònù ya fídíò ọmọ nílé, torí ó lè ṣe jẹ́jẹ́ lójú dókítà. Ẹ má fi ọjọ́ ọjà Àgbálátà ṣe ọjọ́ ìlọ. Ẹ tètè jí, ẹ mọ bí títì wa ṣe rí dé Mile 2. Ọmọ tí ariwo ń dà láàmú, ẹ má gbé e jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò awakọ̀.

Báńkì GTBank náà ti ń ṣe ìpàdé lórí ọ́tísíìmù l'Ékòó láti ọdún púpọ̀, tí òbí ti ń rí àwọn onímọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fowó síbẹ̀, ẹ bi wọ́n.

Ìyálọ́jà ti fọwọ́ sí i pé ẹni tó bá fẹ́ yá owó lórí irú ọmọ yìí, kó mú káàdì ọsibítù wá, ẹgbẹ́ kò ní gba èlé lórí rẹ̀. Ìyá méjì ti ní àwọn á jọ lọ sí Òṣòdì. Ẹni tó bá fẹ́ bá wọn lọ, kó wá fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi kí ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ tó pé.