Ẹ̀fẹ̀ Lára Akọni: Láti Ọ̀dọ̀ Thor Dé Ẹnubodè Èjìgbò
Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba ní Màsífà

 

Ẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí àṣà àti sinimá. Ọ̀rọ̀ náà gbòòrò ju àkókò tí ẹ fún mi lọ, nítorí náà ẹyọ kan ni mo mú níbẹ̀: ohun tí ẹ̀fẹ̀ ń ṣe fún akọni. Fíìmù tí mo fi ṣe ìdí ọ̀rọ̀ ni Thor: Ragnarok, èyí tó jáde lọ́dún 2017. Àwọn ọmọ yín mọ̀ ọ́n. Àwọn tó ti Àbíjàn wálé nítorí òní lè ti wò ó lédè Faransé. Bí ẹ bá ní sùúrù fún mi, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò ju ìrìn díẹ̀ lọ sí ibi tí a jókòó sí yìí.

Mi ò ní pẹ́ lórí ìtumọ̀. Akọni tí mo ń wí ni ẹni tí agbára rẹ̀ ju ti ọmọ aráyé lọ, tó sì ń fi agbára náà jà fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tàbí ìṣe tó ń pani lẹ́rìn-ín tí òótọ́ sì ń bẹ nínú rẹ̀. Àwàdà jẹ́ ẹbí rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà níhìn-ín ti mọ gbogbo èyí kí n tó dé, ẹ jẹ́ kí a máa lọ.

Òrìṣà ààrá lọ́wọ́ onígbàjámọ̀

Thor ni òrìṣà ààrá àwọn ará Norway, Iceland àti àwọn ìbátan wọn kí ẹ̀sìn Kìrìsìtì tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Òòlù wà lọ́wọ́ tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí oṣé ti wà lọ́wọ́ Ṣàngó. Lọ́dún 1962, Stan Lee, Larry Lieber àti Jack Kirby sọ ọ́ di akọni inú ìwé àwòrán ilé-iṣẹ́ Marvel. Ọdún 2011 ni fíìmù rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, Kenneth Branagh ló darí rẹ̀, ẹni tí a mọ̀ mọ eré Shakespeare. Ó ṣe é bí ìjà àárín ọmọ ọba, ó sì dára níwọ̀nba. Èkejì dé lọ́dún 2013, The Dark World, Alan Taylor ló darí rẹ̀. Òkùnkùn ni ṣáá, gbogbo ojú ló le koko, ọ̀tá inú rẹ̀ kò sì ní ohun tí ènìyàn fi lè rántí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ olùtúpalẹ̀ fíìmù ló kà á mọ́ àwọn tó rẹlẹ̀ jù nínú iṣẹ́ Marvel.

Ìgbà náà ni wọ́n gbé ẹ̀kẹta lé Taika Waititi lọ́wọ́. Ọmọ New Zealand ni, ẹ̀yà Māori ni bàbá rẹ̀, fíìmù kéékèèké apanilẹ́rìn-ín ni wọ́n sì fi mọ̀ ọ́n. Ó gba àwọn òṣèré láyè kí wọ́n máa sọ ọ̀rọ̀ tó bá bọ́ sí wọn lẹ́nu, bí àwọn eléré wa ayé àtijọ́ ti máa ń ṣe lórí ìtàgé.

Ẹ wo ohun tí ọkùnrin yìí ṣe fún òrìṣà ààrá. Bàbá rẹ̀ kú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Hela, fi ọwọ́ kan ṣoṣo mú òòlù náà, ó fún un, òòlù fọ́ yángá. Thor já bọ́ sí ayé mìíràn tí wọ́n ń pè ní Sakaar, wọ́n mú un bí ẹran, wọ́n tà á fún ọba ibẹ̀ kí ó lè máa jà fún àwọn òǹwòran. Wọ́n dè é mọ́ àga. Bàbá arúgbó kan wọlé, ó gbé ẹ̀rọ ìgẹrun tó ń yí biribiri dání, ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Thor kọ́kọ́ fi àṣẹ halẹ̀ mọ́ ọn pé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan irun òun. Nígbà tí ẹ̀rọ sún mọ́ orí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ bàbá náà bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Wọ́n gé e. Arúgbó tó gé e ni Stan Lee fúnra rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tó gbé Thor sínú ìwé àwòrán ní 1962. Mo ti wo ibẹ̀ léraléra, mo sì gbà pé ibẹ̀ gan-an ni ìwòsàn ọ̀wọ́ fíìmù yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Owó tí àwọn fíìmù náà pa tẹ̀lé e. Èyí àkọ́kọ́ pa nǹkan bí mílíọ̀nù 449 dọ́là káàkiri ayé, èkejì pa nǹkan bí 644, ẹ̀kẹta lé ní 850. Ọ̀pọ̀ sọ pé ẹ̀rín ló tà á. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi mú ni pé wọ́n ti gba nǹkan lọ́wọ́ akọni náà kí ẹ̀rín tó dé. Bàbá lọ, òòlù lọ, irun lọ, ojú kan lọ, níkẹyìn ìlú rẹ̀ pàápàá run. Ẹ̀fẹ̀ inú fíìmù yìí wà lórí àdánù. Nígbà tí kò sí òòlù mọ́ ni Thor tó rí i pé inú ara òun ni mànàmáná ti ń wá.

Ìjà àtijọ́ kan

Ó ti pẹ́ tí èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ní yunifásítì ti ń bá ara wa fa ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní kò yẹ kí a fi akọni ṣe ẹ̀fẹ̀, àgàgà akọni tó tún jẹ́ òrìṣà. Wọ́n ní ẹni tí a bá ti fi rẹ́rìn-ín, ẹ̀rù rẹ̀ kì í bani mọ́. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń bá wọn sọ ọ́. Wọ́n ti rí i bí àwọn kan ṣe ń fi àwọn baba wa ṣe yẹ̀yẹ́ nínú fíìmù, inú ń bí wọn, ó sì ń bí èmi náà. Àmọ́ wọn kò tọ̀nà.

Waititi kọ́ ló kọ́kọ́ fi Thor rẹ́rìn-ín. Ewì àtijọ́ kan wà ní Iceland tó sọ bí òmìrán kan, Thrym, ṣe jí òòlù Thor gbé, tó ní òun kò ní dá a padà àfi kí wọ́n fún òun ní Freyja, abo òrìṣà arẹwà, láti fi ṣe aya. Thor wọ aṣọ ìyàwó, ó da ìbòjú borí, ó lọ. Nídìí oúnjẹ ìgbéyàwó, ìyàwó jẹ odindi akọ màlúù kan àti ẹja ńlá mẹ́jọ, ó sì fi ọtí oyin lé e. Ẹnu ya ọkọ. Nígbà tí wọ́n gbé òòlù wá kí wọ́n fi súre fún ìyàwó, ó gbà á mú, ó sì fi pa gbogbo wọn. Àwọn ará ilẹ̀ tí wọ́n ti ń bọ Thor rí ló ni ìtàn yìí.

Ọ̀dọ̀ tiwa náà ńkọ́? Ẹ lọ sí Kétu, ẹ wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi ń yẹ́ àwọn ìyá wa sí lóru, àwọn tí ẹnikẹ́ni kò jẹ́ fojú di. Ẹ wo eégún aláré, bó ṣe ń yí padà di òyìnbó, tó ń di Tápà, tí ìlú ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n ṣì ń pè é ní ará ọ̀run. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà lẹ́yìn, ẹ gbé fóònù sílẹ̀ díẹ̀, ibi tí mo ń lọ ló kù yìí, ọ̀rọ̀ ilé yín sì ni.

Awoléjẹ lẹ́nubodè

Ẹ mọ ìtàn yìí, bóyá ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Pierre Verger Fátúmbí, olùṣèwádìí nípa òrìṣà, náà kọ ọ́ sílẹ̀. Eléjìgbò, akọni tó jagun gba ilẹ̀ tó sì tẹ ìlú Èjìgbò dó, fẹ́ràn iyán kọjá sísọ: iyán láàárọ̀, iyán lọ́sàn-án, iyán lóru. Ó ní ọ̀rẹ́ kan, babaláwo, Awoléjẹ lorúkọ rẹ̀. Awoléjẹ ló sọ ohun tí ọba yóò fi rúbọ kí abúlé lè di ìlú ńlá. Lẹ́yìn náà ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọdún gorí ọdún. Abúlé di ìlú, ìlú mọ odi, odi ní ẹnubodè, ẹnubodè ní ẹ̀ṣọ́. Ọjọ́ kan ni Awoléjẹ padà dé, eruku ọ̀nà lẹ́sẹ̀, ó béèrè lọ́wọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ pé Ògìyán ńkọ́. Orúkọ àwàdà tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ ń lò nìyẹn, orúkọ tó ń ránni létí òrìṣà tó ń jẹ iyán. Àwọn ẹ̀ṣọ́ kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ta ni arìnrìn-àjò yìí tó ń fi oúnjẹ pe Kábíyèsí? Wọ́n nà án, wọ́n lù ú bolẹ̀, wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n.

Ọdún méje ni òjò kò fi rọ̀. Àwọn obìnrin kò bímọ, ẹṣin ọba kò rí koríko jẹ. Nígbà tí ọba dáfá, Ifá ní ẹnì kan wà lẹ́wọ̀n tí kò jẹ̀bi. Ó lọ wò ó, ó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Awoléjẹ bọ́ sígbó, kò fẹ́ gba ẹ̀bẹ̀. Nígbà tó wá gbà, kò béèrè owó, kò béèrè oyè. Ó ní kí àwọn ará ìlú máa fi ọ̀pá na ara wọn lọ́dọọdún nígbà ọdún òrìṣà. Ìdí nìyẹn tí àdúgbò Èjìgbò méjì, Ìsàlẹ̀ Òṣòlò àti Òkè Màpó, fi ń kojú ara wọn nígbà ọdún Ògìyán.

Ẹ wo àwọn ẹ̀ṣọ́ wọ̀nyẹn dáadáa. Wọn kò kórìíra ọba. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ débi pé wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rántí pé ọ̀fun rẹ̀ ń gbé iyán mì. Ká ní ọba gbọ́ ohùn Awoléjẹ fúnra rẹ̀, yóò ti sáré jáde. Ẹ̀fẹ̀ Awoléjẹ kò bu ọba kù. Òun nìkan ló mọ̀ ọ́n kó tó ní odi, kó tó ní ẹ̀ṣọ́, ẹ̀fẹ̀ náà sì ni ẹ̀rí ìmọ̀ yẹn. Àwọn tó tẹ ẹ̀fẹ̀ náà rì ló fa ọ̀dá. Ohun tí mo ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi ní yunifásítì nìyí láti ìgbà pípẹ́, mo sì tún un sọ lónìí níwájú Kábíyèsí: ẹni tó bá ní a kò gbọdọ̀ bá akọni ṣàwàdà, ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè ni.

Ẹ sì wo Bahia ní Brazil. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun gbé òrìṣà Ògìyán dání. Oxaguiã ni wọ́n ń pè é títí dòní, jagunjagun ọ̀dọ́ tó mú ọmọ odó dání pẹ̀lú idà. Orúkọ àwàdà tí wọ́n tìtorí rẹ̀ na Awoléjẹ ṣì wà nínú orúkọ náà.

Àwọn tiwa

Àkókò ti ń lọ, olùdarí ètò sì ti ń wo ojú mi. Ẹ jẹ́ kí n yára dé ọ̀dọ̀ fíìmù àti eré tiwa.

Hubert Ògúndé ṣe Aiyé ní 1979, ó sì ṣe Jáiyésinmi tẹ̀ lé e ní 1980. Òṣétùrá akọni ń bá àwọn àjẹ́ jà nínú méjèèjì. Iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló gbé e dúró. Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá wa, ló mú ẹ̀rín dúró gbọn-in. Nígbà èwe mi, ilé aládùúgbò tó ní tẹlifíṣọ̀n ni gbogbo wa máa ń dà sí tó bá ti tó àkókò Aláwàdà. Awò ojú rẹ̀ tóbi, táì ọrùn rẹ̀ fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀, kò sì ní agbára kankan lọ́wọ́. Àwọn olè tó ń ṣe àdàkọ fíìmù jí Ọ̀run Mooru rẹ̀ tó jáde ní 1982, gbèsè ńlá sì ló fi sí i lọ́rùn.

Èyí tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ Thor jù ni ti Fúnkẹ́ Akíndélé. Ó ṣe Ọmọ Ghetto ní 2010. Ní Kérésìmesì 2020, lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ó gbé The Saga jáde, ó pa mílíọ̀nù 636 náírà, kò sì sí fíìmù Nàìjíríà tó tíì pa tó bẹ́ẹ̀ ní sinimá títí di ìgbà náà. Lefty, akọni inú rẹ̀, le, ó ń jà, ó ń dáàbò bo àdúgbò rẹ̀. Ẹ̀rín inú rẹ̀ wá láti inú pé ilé olówó kò bá a mu, ghetto náà kò sì jẹ́ kó lọ. Àdánù wà níbẹ̀.

Àmọ́ ní 2022, Waititi kan náà ṣe Thor: Love and Thunder. Ẹ̀fẹ̀ pọ̀ níbẹ̀ ju ti Ragnarok lọ, ó tún ń já wọ ibi tí obìnrin tí Thor fẹ́ràn ti ń ṣàìsàn tó máa pa á. Ẹ̀fẹ̀ ibẹ̀ kò wà lórí àdánù yẹn. Owó tó pa kò tó ti Ragnarok.

Ní ti àwọn òrìṣà tiwa, fíìmù Ṣàngó tí Ọbáfẹ́mi Lasode darí dé ní 1997, Wálé Adébáyọ̀ sì ṣe Ṣàngó níbẹ̀ gan-an. Ti Ògìyán ló kù. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń ṣe fíìmù, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí ìtẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹnubodè, nígbà tí Awoléjẹ dé tó sì béèrè ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin àgbà Màsífà tí ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ìtàn náà ní agbo ilé yín, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ gba ohùn yín sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kí àwọn ará Àbíjàn tó padà.