Òfin fún Ilé-Ìkàwé ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Wa

Ohun tí mo fẹ́ fi yé wa lónìí ni pé bí òfin kò bá fi ẹsẹ̀ ilé-ìkàwé múlẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama, inú rere ènìyàn nìkan kò lè mú un dúró.

Ní oṣù kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ètò yìí la ojú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ àgbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí ọmọ mọ ìwé kà, ọ̀tọ̀ ni kí ó rí ìwé kà. Odò wíwẹ̀ ni ìwé kíkà. A kì í kọ́ ọ lórí ilẹ̀ gbígbẹ.

Lítíréṣọ̀ ni iṣẹ́ mi. Lọ́dọọdún ni mo ń rí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó yege nínú Yorùbá, tí kò sì ka ìtàn-àròsọ kan tán rí àfi èyí tí a yàn fún ìdánwò. Ó mọ̀ pé 1938 ni *Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀* jáde, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan ìwé náà rí. N kò bá a wí. Níbo ni ì bá ti rí i? Òbí tí ń wá owó oúnjẹ kò lè máa ra ìwé ìtàn. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀dà kan ṣoṣo nínú ilé-ìkàwé lè gba ọwọ́ ogójì ọmọ kọjá kí ó tó gbó.

Ẹnì kan lè wí pé òfin ti wà. Lóòótọ́, òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ọdún 2004 ka ìwé mọ́ ohun tí a gbọ́dọ̀ pèsè lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ti wí pé ìwé, ìwé iṣẹ́ kíláàsì ni ó sábà ń wá sọ́kàn àwọn tí ń náwó. Ìwé Ìlànà Ẹ̀kọ́ ti Orílẹ̀-èdè, nínú àtẹ̀jáde ti 2004, sọ pé kí ẹni tí ó ni ilé-ẹ̀kọ́ pèsè ilé-ìkàwé. Ìlànà kì í ṣe òfin. Ẹni tí kò tẹ̀ lé e, ta ni yóò bi í?

Òfin ọdún 1999 fún àwọn ìpínlẹ̀ ní àṣẹ láti ṣòfin lórí ẹ̀kọ́. Nítorí náà, mo ké sí àwọn aṣòfin ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Àkúrẹ́, Òṣogbo, Adó-Èkìtì àti Ìkẹjà pé kí wọ́n ya owó ilé-ìkàwé sọ́tọ̀ nínú ìsúná, kí wọ́n gba alábòójútó tí a kọ́ níṣẹ́, kí wọ́n pàṣẹ pé kí ọmọ lè yá ìwé lọ sílé, kí ìwé Yorùbá má sì ṣe gbẹ́yìn níbẹ̀. Kí wọ́n sì máa gba ìròyìn rẹ̀ lọ́dọọdún.

Wọn yóò ní kò sí owó. N kò béèrè ilé ńlá. Àpótí ìwé tí a ń ṣí lójoojúmọ́ sàn ju gbọ̀ngàn tí a tì pa. Ní àwọn ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adétòwún Ogunsheye fi hàn ní Abadina, nínú Yunifásítì Ìbàdàn, pé ilé-ìkàwé àwọn ọmọdé ṣeé ṣe láàrin wa. Ohun tí ó ṣeé ṣe níbi kan, òfin ni yóò mú un dé ibi gbogbo.

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ẹ jẹ́ kí a fi ìwé sí i lọ́wọ́, kí òfin sì dúró tì í.