Ta Ni Yóò Jókòó Ti Ọmọ? Ọ̀rọ̀ Lórí Ilé-Ìwé Ọ̀fẹ́ Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba níbi àpéjọ ọdọọdún àwọn ọmọ Yorùbá ní Columbus, ìpínlẹ̀ Ohio

Aago mẹ́rin ni ìwé ìpè sọ. Aago márùn-ún àbọ̀ ti lù kí wọ́n tó gbé gbohùngbohùn lé mi lọ́wọ́. N kò bínú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wíwá sí kíláàsì lákòókò ni mo bá wá, nítorí náà ẹ má ṣe rò pé mo kàn ń bá yín wí.

Ẹ ti mọ ilé-ìwé ọ̀fẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí à ń sọ, n kò ní fi ìtumọ̀ rẹ̀ pẹ́. Ilé-ìwé ìjọba ni. Owó orí ni wọ́n fi ń ná an, òbí kì í san kọ́bọ̀ owó ilé-ìwé. Olùkọ́ wà lórí kọ̀ǹpútà, ọmọ wà nínú ilé. Florida bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1997, tiwa ní Ohio sì dé ní 2000. Ìgbìmọ̀ aládàáni ló ń darí ọ̀pọ̀ nínú wọn lábẹ́ àṣẹ ìpínlẹ̀. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ̀fẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Nígbà tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní oṣù kìíní 1955, ẹnì kan ló sanwó rẹ̀. Owó orí tí wọ́n fi kún un wà lára ohun tó mú kí ẹgbẹ́ Action Group pàdánù ìbò àpapọ̀ 1954 ní agbègbè tiwọn gan-an. Ẹni tó san owó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè bóyá ọmọ wà ní kíláàsì. Ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo lọ, tíṣà máa ń pe orúkọ láàárọ̀, á tún pè é lọ́sàn-án lẹ́yìn ìsinmi. Yíǹkì pupa ni ti ẹni tí kò wá. Bí o bá bá ọ̀rẹ́ rẹ dáhùn "present, sir", ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ máa jẹ pàṣán. Ẹ rántí ìwé yíǹkì pupa yẹn, nítorí irú rẹ̀ ló wó ilé-ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì tó tóbi jù lọ ní ìpínlẹ̀ yìí.

Mo ń bọ̀ lórí ilé-ìwé yẹn, ECOT. Mo rí àwọn tó ń rẹ́rìn-ín pé bàbá tún ti dé sórí ọ̀rọ̀ yìí. Bẹ́ẹ̀ ni, mo tún ti dé.

Ìlú yìí ni Ọ̀gbẹ́ni William Lager ti dá Electronic Classroom of Tomorrow (ECOT) sílẹ̀ ní 2000. Ó gbèrú títí àwọn ọmọ tó wà lórí ìwé fi ju 15,000 lọ. Ilé-iṣẹ́ méjì tó jẹ́ ti Lager fúnra rẹ̀, Altair àti IQ Innovations, ni ilé-ìwé náà ń sanwó fún: ọ̀kan ń ṣe àbójútó, èkejì ń ta ètò orí kọ̀ǹpútà. Ní 2016 ìpínlẹ̀ ní kí wọ́n mú àkọsílẹ̀ wákàtí tí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi kẹ́kọ̀ọ́ wá. Òfin ń béèrè wákàtí 920 lọ́dún, bíi márùn-ún lójúmọ́. Àkọsílẹ̀ jáde: ọ̀pọ̀ ọmọ kì í lò ju bíi wákàtí kan lọ lórí ẹ̀rọ lójúmọ́. Nínú nǹkan bí 15,300 ọmọ tí wọ́n gbowó lé lórí, bíi 6,300 ni wọ́n rí ẹ̀rí fún.

Ẹ wá gbọ́ èsì ECOT. Wọ́n ní òfin kò sọ pé kí ọmọ kẹ́kọ̀ọ́, pé kí àwọn ṣáà ti gbé ẹ̀kọ́ kalẹ̀ fún un ni. Ó dà bí olóúnjẹ tó bu iyán kalẹ̀ nínú yàrá tí kò sí èèyàn, tó wá ní kí wọ́n sanwó àwo kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù kẹfà 2017 ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ ní kí wọ́n dá 60 mílíọ̀nù dọ́là padà fún ọdún ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo. Ní oṣù kìíní 2018, nígbà tí ọdún ẹ̀kọ́ dé ìdajì, wọ́n ti ilé-ìwé náà pa. Nǹkan bí 12,000 ọmọ ni kò ní kíláàsì mọ́. Ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ ní Ohio sì dájọ́ ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn, adájọ́ mẹ́rin sí méjì, pé ìpínlẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ẹ̀rí pé ọmọ kópa.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà tí a jọ ń kọ́ni ní yunifásítì. Ó ti pẹ́ tí a ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí láàárín ara wa. Òun ní olè ni olè ń jẹ́, pé ìwà Lager kò kan ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀. Mo ní ó dáa. Àjọ ìwádìí CREDO ti Yunifásítì Stanford gbé àbájáde jáde ní 2015 lórí irú ilé-ìwé yìí káàkiri Amẹ́ríkà. Wọ́n fi àwọn ọmọ ibẹ̀ wé àwọn ọmọ tó jọ wọ́n ní ilé-ìwé ìjọba lásán: wọ́n fi ọjọ́ 72 gbẹ́yìn nínú ìwé kíkà, wọ́n fi 180 gbẹ́yìn nínú ìṣirò. Ọjọ́ 180 sì ni ọdún ẹ̀kọ́ kan. Ọ̀rẹ́ mi fèsì pé àwọn ọmọ tí nǹkan ti wọ́ fún níbòmíràn ló ń sá lọ síbẹ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, mo gbà fún un. Àmọ́ bí ọmọ tó ti ń kọsẹ̀ bá dé, ṣé kò yẹ kí ojú tó ń ṣọ́ ọ pọ̀ sí i ni, àbí kí ó dín kù?

Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ bá ẹ̀yin òbí jà díẹ̀. Mo dé ilé kan nínú ìlú yìí ní nǹkan bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Ọmọkùnrin ọdún mẹ́sàn-án kan jókòó sídìí tábìlì oúnjẹ. Olùkọ́ ń ṣàlàyé ìdá mẹ́ta lórí kọ̀ǹpútà, ọmọ ti pa kámẹ́rà, ó ń gbá géèmù lórí fóònù ìyá rẹ̀. Ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ alẹ́ dé, ó ti sùn lọ fọnfọn pẹ̀lú aṣọ ọsibítù lọ́rùn. N kò bú u, ilé ló ń gbọ́ bùkátà rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ilé-ìwé yìí ń béèrè àgbàlagbà kan nínú ilé tí yóò máa mójú tó ọmọ, tí yóò máa wo iṣẹ́ rẹ̀, tí yóò sì máa fọwọ́ sí wákàtí tó lò. Nígbà tí ọmọ bá ṣì kéré, iṣẹ́ tíṣà ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ méjì, ẹ má tan ara yín jẹ.

Síbẹ̀, irú ilé-ìwé yìí ní àwọn tó wúlò fún. Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS, tí ìrora ń gbé dùbúlẹ̀ lóòrèkóòrè. Ọmọ tí wọ́n ń fìyà jẹ ní kíláàsì. Bí àgbà bá wà nílé, mo fọwọ́ sí i.

Alága àpéjọ ti ń na aago sí mi, ẹ jẹ́ kí n sáré. Ní ti ìforúkọsílẹ̀: ìwé-ẹ̀rí ọjọ́ ìbí, ẹ̀rí ibùgbé bíi ìwé owó iná, ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára, àti èsì ẹ̀kọ́ láti ilé-ìwé tí ọmọ ti ń bọ̀. Ìdájọ́ Plyler v. Doe ti ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ ní Amẹ́ríkà ní 1982 kò gbà kí wọ́n lé ọmọ kúrò ní ilé-ìwé ìjọba nítorí pé kò ní ìwé ìgbélùú, torí náà kí ẹnikẹ́ni má dẹ́rù bà yín.

Ní ti wíwá sí kíláàsì: ní Ohio, bí ọmọ bá pa wákàtí ẹ̀kọ́ 72 tó tẹ̀léra jẹ láìsí àwáwí tó nítumọ̀, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò.



Ìpínlẹ̀ ń gbé èsì ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan jáde lọ́dọọdún fún gbogbo ayé láti rí, títí kan iye ọmọ tó ń parí ẹ̀kọ́ jáde. Ẹ bá mi kà á kí ẹ tó buwọ́ lu ìwé kankan, ẹ sì pe ilé-ìwé náà lórí fóònù kí ẹ béèrè ọmọ mélòó ló wà lábẹ́ olùkọ́ kan. Bí wọ́n bá ń fa ọ̀rọ̀ sẹ́yìn, ẹ mú ọmọ yín lọ síbòmíràn.