Balógun Tí Ó Ti Ń Dàgbà Lórí Pápá

Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ ohun tí ó wà lọ́kàn àwọn ará ìlú ní òpin ọ̀sẹ̀, kí ó wọ ọkọ̀ pẹ̀lú àwọn tí wọ́n ń ti pápá ìṣeré bọ̀. Bí ẹgbẹ́ wọn bá borí, orin ni wọn yóò máa kọ. Bí wọ́n bá pàdánù, wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí wọn yóò di ẹ̀bi rù. Lẹ́yìn rẹfirí àti akọ́nimọ̀ọ́gbá, ẹni kẹta tí wọ́n máa ń dárúkọ ni balógun ẹgbẹ́, pàápàá bí balógun náà bá ti ń dàgbà. Ọ̀kan yóò ní, "Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wúwo, ẹ jẹ́ kí ó lọ sinmi." Èkejì yóò dá a lóhùn pé, "Ta ni ó gbé wa dé ibi tí a dé? Ṣé bí a ti í san oore nìyẹn?" Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lálẹ́ òní: bí balógun ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù bá ti ń dàgbà, ṣé kí ẹgbẹ́ dì í mú ni, tàbí kí wọ́n jẹ́ kí ó máa lọ?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìlú Kánò, níbi tí ọ̀rọ̀ náà ti hàn kedere. Ọdún 1990 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Kano Pillars sílẹ̀, èyí tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ń kí ní Sai Masu Gida. Pápá ìṣeré Sani Abacha tí ó wà ní Kofar Mata ni ilé wọn. Wọ́n gba líìgì ilẹ̀ Nàìjíríà ní sáà 2007 sí 2008, wọ́n sì tún gbà á ní ẹ̀ẹ̀mẹta léraléra, ní ọdún 2012, 2013 àti 2014. Rabiu Ali, agbábọ́ọ̀lù àárín pápá, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí orúkọ ẹgbẹ́ náà kò ṣeé pè láìpe tiwọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2014, ó wà nínú ẹgbẹ́ Nàìjíríà tí ó ṣe ipò kẹta ní Gúúsù Áfíríkà, nínú ìdíje CHAN, èyí tí ó wà fún àwọn tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù nínú líìgì orílẹ̀-èdè wọn. Nígbà tí ó yá, ó di balógun Pillars. Ní ọdún 2022 ẹgbẹ́ náà já bọ́ sí ìpele kejì. Ní ọdún 2023 wọ́n padà gòkè. Àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ń lọ, àwọn mìíràn ń bọ̀, ọ̀já balógun sì wà ní apá Rabiu. Ọdún 1980 ni wọ́n kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọdún ìbí rẹ̀. Nítorí náà, nínú sáà 2024 sí 2025, ẹni ọdún 44 ni ó ń sáré lórí pápá pẹ̀lú àwọn ọmọ ọdún 19 àti 20. Nígbà tí wọ́n ń sọ púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí lórúkọ, ó ti lé ní ọmọ ogún ọdún.

Àwọn tí wọ́n ní kí irú balógun bẹ́ẹ̀ máa lọ kì í ṣe ọ̀tá rẹ̀. Ìdí tí wọ́n ń sọ fẹsẹ̀ múlẹ̀. Bọ́ọ̀lù òde òní jẹ́ bọ́ọ̀lù eré sísá. Agbábọ́ọ̀lù àárín níláti lọ gba bọ́ọ̀lù lẹ́yìn, kí ó gbé e síwájú, kí ó sì tún sáré padà, fún ìṣẹ́jú 90. Bí ara bá ti ń dàgbà, ohun àkọ́kọ́ tí ó ń sá lọ ni eré àsáyára, kì í ṣe ọgbọ́n. Ara kì í sì í tètè bọ̀ sípò lẹ́yìn ìdíje: èyí tí ọmọdé fi ọjọ́ méjì sinmi rẹ̀, àgbà lè fi odindi ọ̀sẹ̀ kan ṣe é. Yàtọ̀ sí èyí, àyè kan ṣoṣo ni. Bí àgbà bá fi ọdún márùn-ún jókòó sí i, ọmọ tí ì bá fi ọdún márùn-ún náà kọ́ iṣẹ́ yóò kúkú bá ibòmíràn lọ, tàbí kí ó pa bọ́ọ̀lù tì. Èyí tí ó tún burú ni pé bí ipò balógun bá ti di ohun tí a kò lè fọwọ́ kàn, akọ́nimọ̀ọ́gbá kì í ṣe ọ̀gá mọ́. Ènìyàn mẹ́wàá péré ni ó ní agbára láti yàn.

Àwọn tí wọ́n ní kí ó dúró náà kò purọ́. Wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Balógun tí ó ti pẹ́ mọ bí a ti í bá rẹfirí sọ̀rọ̀ tí inú kò fi ní í bí i. Ó mọ ìgbà tí ó yẹ kí a mú bọ́ọ̀lù dání, kí ara èrò ìwòran lè balẹ̀. Ó mọ ọ̀rọ̀ tí a ń sọ fún ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá pẹ́nárítì sóde. Ìdí kan sì wà tí ó jẹ́ ti ilẹ̀ wa gan-an. Nínú líìgì Nàìjíríà, bí ọmọ kan bá ti yọ, kì í pẹ́ tí àwọn ẹgbẹ́ òkè òkun tàbí ti àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá fi ń mú un lọ. Ọdọọdún ni àwọn ọmọ tuntun ń dé. Bí kò bá sí àgbà kan nílé, ta ni yóò sọ ìtàn ilé fún wọn? Àìsí àgbà nílùú, ìlú bàjẹ́. Ẹgbẹ́ tí ó bá lé gbogbo àgbà rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà yóò di ilé àgbàwọ̀ fún àwọn arìnrìn-àjò.

Báwo ni a ó ti ṣe é nígbà tí ẹjọ́ ìhà méjèèjì jàre? Èrò tèmi ni pé ohun méjì ni àwọn ènìyàn ń so pọ̀ bí ẹni pé ohun kan ni. Ọ̀já tí balógun so mọ́ apá, ọ̀tọ̀ ni. Àyè rẹ̀ láàárín àwọn 11 tí ó bẹ̀rẹ̀ ìdíje, ọ̀tọ̀ ni. Ọ̀já ni a fi ń bọlá fún ìwà àti ọgbọ́n. Àyè ni a ń fún ẹni tí ara rẹ̀ le jù lọ ní ọjọ́ náà. Ẹgbẹ́ lè pa ọlá àgbà mọ́ láìfi àyè ọmọ dí i.

Kì í ṣe àlá ni mo ń lá. A ti rí i rí ní orílẹ̀-èdè yìí, nínú ẹgbẹ́ àpapọ̀ wa fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1994, Stephen Keshi ni balógun nígbà tí Nàìjíríà lọ sí Tùnísíà fún Ife Ẹ̀yẹ Àwọn Orílẹ̀-èdè Áfíríkà. Ẹni ọdún 32 ni. Nígbà tí ó di ọjọ́ àṣekágbá, ọjọ́ 10 oṣù kẹrin, Clemens Westerhof, ará ilẹ̀ Holland tí ó ń kọ́ wọn, kò fi Keshi sára àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀. Emmanuel Amunike gbá góòlù méjì, Nàìjíríà sì fi 2 sí 1 borí Zambia. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fẹ́ gba ife, Keshi ni ó gbé e sókè. Àwọn tí wọ́n sáré ní ọjọ́ náà kò bínú, nítorí wọ́n mọ ẹni tí ó ti ń kó wọn bọ̀ láti ọdún púpọ̀ sẹ́yìn. Nínú Ife Àgbáyé tí ó tẹ̀lé e ní Amẹ́ríkà ní ọdún kan náà, ìdíje kan ṣoṣo ni Keshi gbá, èyí tí a bá Gíríìsì gbá.

Ọdún 19 kọjá. Ní ọdún 2013, Keshi ti di akọ́nimọ̀ọ́gbá, ó sì kó Nàìjíríà lọ sí Gúúsù Áfíríkà. Balógun rẹ̀ ni Joseph Yobo, ẹni ọdún 32 bí Keshi fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ní Tunis. Keshi fi Yobo sórí ìjókòó àwọn arọ́pò, ó fi àyè ẹ̀yìn fún àwọn tí ara wọn dá ṣáṣá, Vincent Enyeama aṣọ́lé sì ń darí wọn lórí pápá. Ní ọjọ́ àṣekágbá, ọjọ́ 10 oṣù kejì, góòlù kan tí Sunday Mba gbá ni a fi borí Burkina Faso. Nígbà tí eré fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, Keshi pe Yobo wọlé. Lẹ́yìn fèrè, Yobo ni ó gbé ife sókè. Bóyá Keshi rántí Tunis, bóyá kò rántí. Ohun tí ó dájú ni pé ó ṣe fún ẹlòmíràn bí a ti ṣe fún òun.

Ní ọdún 2014, wọ́n tún pe Yobo fún Ife Àgbáyé ní Brazil. Nígbà tí Godfrey Oboabona farapa nínú ìdíje àkọ́kọ́, Yobo rọ́pò rẹ̀. Nínú ìdíje náà pẹ̀lú Iran àti èyí tí ó tẹ̀lé e pẹ̀lú Bosnia, ẹnikẹ́ni kò gbá góòlù wọlé wa. Èrè àgbà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà, nígbà tí a ń bá ilẹ̀ Faransé gbá, ẹsẹ̀ Yobo kan náà ni ó ti bọ́ọ̀lù wọlé ara wa, tí ó fi di 2 sí òdo. N kò fi èyí bú u. Faransé ti gbá góòlù kan ṣáájú. Mo ń sọ ọ́ kí ẹ lè rí i pé àgbà dára láti gbára lé nígbà ìṣòro, ṣùgbọ́n bí a bá lò ó ní ojoojúmọ́, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ara kò ní í jẹ́.

Ẹ wo Roger Milla ti ilẹ̀ Kamẹrúùnù. Ní Ítálì ní ọdún 1990, ẹni ọdún 38 ni. Wọn kò fi í bẹ̀rẹ̀ eré. Bí ó ti rẹ àwọn ọ̀tá tán ni wọ́n ń mú un wọlé, góòlù mẹ́rin ni ó sì gbá. Ìwọ̀nba ìṣẹ́jú ni ọgbọ́n àgbà nílò bí a bá mọ ìgbà tí ó yẹ kí a lò ó.

Nítorí náà, ohun tí mo rí pé ó yẹ kí ẹgbẹ́ ṣe nìyí. Kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, kí àwọn alákòóso àti akọ́nimọ̀ọ́gbá pe balógun jókòó, kí wọ́n bá a sọ̀rọ̀ ní ojúkojú pé, "Ọ̀gbẹ́ni, ọ̀já ṣì jẹ́ tìrẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìdíje ni ìwọ yóò máa bẹ̀rẹ̀." Ìwọ̀sí ni kí ó jẹ́ pé orí ẹ̀rọ rédíò bí èyí ni yóò ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n yan igbákejì rẹ̀ ní gbangba, kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ iṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, kí ẹgbẹ́ má baà gbọ́ ohùn méjì ní ọjọ́ kan náà. Ẹ̀kẹta ni èyí tí a kì í fẹ́ sọ: owó. Ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù inú ilé wa ni kò ní owó ìfẹ̀yìntì kankan, owó oṣù pàápàá kì í fi gbogbo ìgbà dé lásìkò. Bí a bá rí àgbà tí ó rọ̀ mọ́ pápá, kí a má tètè pè é ní olójúkòkòrò. Ó lè jẹ́ pé òun ni owó ilé ìwé àwọn ọmọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí iṣẹ́ mìíràn tí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ. Ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ kí àgbà dìde lórí àga níláti ti tẹ́ àga mìíràn sílẹ̀ fún un.

Kánò náà ti fi bí a ti ń tẹ́ irú àga bẹ́ẹ̀ hàn wá. Ahmed Musa, tí ó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Pillars nígbà èwe rẹ̀ kí ó tó lọ sí òkè òkun, padà sílé ní ọdún 2024. Ní ọdún 2025, wọ́n fi í ṣe ọ̀gá alábòójútó ẹgbẹ́ náà. N kò sọ pé gbogbo agbábọ́ọ̀lù ni ó lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò tán ní ilé bọ́ọ̀lù: àwọn ọmọ kéékèèké ń bẹ tí a níláti kọ́, àwọn ọmọ tuntun ń bẹ tí a níláti wá kiri ìgbèríko.

Iṣẹ́ kan kù tí ó jẹ́ ti balógun fúnra rẹ̀, ẹgbẹ́ kò sì lè bá a ṣe é. Bí ìlù bá dún jù, yíya ni ó ń ya. Ó yẹ kí àgbà lè kúrò lójú agbo nígbà tí àwọn ènìyàn ṣì ń wí pé, "Ẹ jẹ́ kí ó tún jó díẹ̀ sí i," kí ó má dúró di ìgbà tí wọn yóò máa bi ara wọn pé ìgbà wo ni yóò lọ. Kì í ṣe pápá bọ́ọ̀lù nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn ní orílẹ̀-èdè wa. Ẹni tí ó ní etí, kí ó gbọ́.

Ìdáhùn mi sí ìbéèrè wa nìyí: kí ẹgbẹ́ di àgbà mú, ṣùgbọ́n kí wọ́n má di àyè mú fún un. Kí ọmọdé sáré, kí àgbà máa tọ́ka ọ̀nà, kí àwọn méjèèjì sì jọ gbé ife sókè bí ó bá dé. Ọmọ tí ó bá sì rí i pé a kò fi ẹ̀gàn lé balógun òun lọ yóò mọ̀ pé bí ọjọ́ tirẹ̀ bá pé, a kò ní í fi ẹ̀gàn lé òun náà.