Ẹ Wo Apá Eṣinṣin Tó Bà Lé Màlúù Yín



Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló ń dá owó jọ ra màlúù láti Òkè Ọya, tí wọ́n á sìn ín di ọdún Iléyá. Nígbà mìíràn, màlúù tó sanra nígbà tó dé á bẹ̀rẹ̀ sí rù. Àwọn kan á ní ayé ló ṣe é, àwọn mìíràn á sáré lọ ra abẹ́rẹ́. Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ kọ́kọ́ wo eṣinṣin tó ń bà lé e.

Ẹ jẹ́ ká mú mẹ́ta yẹ̀ wò nínú àwọn tó ń mu ẹ̀jẹ̀ màlúù. Èkínní ni eṣinṣin ibùso ẹran. Ó jọ eṣinṣin ilé, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ yọ síwájú bí abẹ́rẹ́. Ẹsẹ̀ ló sábà máa ń ta, ìdí nìyí tí màlúù fi ń fẹsẹ̀ janlẹ̀. Bó bá bà, apá rẹ̀ méjèèjì á yà sọ́tọ̀. Inú koríko jíjẹrà tí ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ti rin ló ń yé ẹyin sí.

Èkejì ni irù. Ó tóbi, ojú rẹ̀ ń dán, abo rẹ̀ nìkan ló sì ń mu ẹ̀jẹ̀. Ara ewé létí omi àti ẹrọ̀fọ̀ ló ń yé ẹyin sí.

Ẹ̀kẹta ni tsetse, òun ló léwu jù. Bó bá bà, apá kan á gun orí èkejì bí ojú àlùmọ́gàjí tí a pa dé. Ẹnu rẹ̀ náà yọ síwájú gbọọrọ. Akọ rẹ̀ ń mu ẹ̀jẹ̀, abo rẹ̀ ń mu ẹ̀jẹ̀. Abẹ́ òjìji igi létí odò ni irú èyí tó wà lọ́dọ̀ wa fẹ́ràn.

Tsetse kì í yé ẹyin. Ìdin kan ṣoṣo ló ń bí lẹ́ẹ̀kan, ó sì ń tó nǹkan bí ọjọ́ 9 sí 10 kó tó bí òmíràn. Ìdin náà á wọ inú ilẹ̀ rírọ̀, á di bí kóró dúdú, á sì lò tó oṣù kan kó tó jáde. Nítorí náà, ọmọ abo kan kì í pọ̀. Èyí tí ẹ bá pa lónìí, ìran rẹ̀ lẹ gé kúrò.

Lọ́dún 1895, ní Zululand ní Gúúsù Áfíríkà, David Bruce rí kòkòrò àìfojúrí tí tsetse ń gbé wọ inú ẹ̀jẹ̀ màlúù. Àrùn náà ni àwọn darandaran ń pè ní sammore. Ara ẹran á máa gbóná, á sì máa rọlẹ̀; inú ìpéǹpéjú á funfun nítorí àìtó ẹ̀jẹ̀; kókó iwájú èjìká á wú; oyún lè bàjẹ́. Màlúù oníké láti Òkè Ọya kì í fara da àrùn náà tó Mùtúrù tiwa.

Kí ni ká ṣe? Bó bá jẹ́ eṣinṣin ibùso, ẹ máa kó ìgbẹ́ àti koríko jíjẹrà kúrò déédéé. Ṣùgbọ́n gbígbá ibùso kò ní pa tsetse. Fún òun, ẹ ta aṣọ búlúù àti dúdú tí a ti rẹ sínú oògùn apakòkòrò sí ibi tí ẹran ti ń mu omi. Àwọ̀ búlúù ló ń fà á wá. Ẹ má jẹ́ kí ẹran pẹ́ létí odò.

Bí ẹran bá ti ń rù, ẹ pe dókítà ẹranko kó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ìwọ̀n ara ẹran la fi ń díwọ̀n oògùn. Èyí tí kò tó á kọ́ kòkòrò náà bí yóò ṣe máa yè é. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ kan gún ẹran méjì, nítorí abẹ́rẹ́ náà lè kó àrùn ràn wọ́n.

Ẹnì kan kò lè dá a ṣe. Bí ẹ bá ta aṣọ, tí aládùúgbò kò ta, tsetse á tún fò wá. Ní erékùṣù Unguja ní Zanzibar, gbogbo erékùṣù ni wọ́n jùmọ̀ gbógun tì í, ọdún 1996 ni wọ́n sì rí èyí tó kẹ́yìn. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ yín.